Kí Ó Tó Kàn Wọ́n: Àgbéyẹ̀wò Ìdí Tí Àwọn Aláìsàn Fi Ń Kúrò Ní Yàrá Pajáwìrì

Ní yàrá pajáwìrì, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé nọ́ọ̀sì yóò jáde wá, yóò pe orúkọ kan, yóò tún un pè, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn. Ẹni tó ń pè ti bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti jókòó títí ìdí fi ń ro ó, kò sì tíì fojú kan dókítà tó fi dìde. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2022, tó wo òǹkà ilé ìwòsàn tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, rí i pé ní ilé ìwòsàn tó bọ́ sí àárín gbùngbùn nínú wọn, ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Nígbà tí 2021 fi máa parí, ó ti di 2.1. Ní àwọn ilé ìwòsàn tí tiwọn burú jù, ó gbéra láti 4.4, ó di 10: ẹnì kan nínú mẹ́wàá tó wọlé ló jáde láìrí dókítà. Àrùn kòrónà dá kún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí kòrónà tó dé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ẹni tó dìde lọ ti ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí wọ́n jẹ́ kó mọ̀, ó sì rí i pé ìjókòó náà ò lérè fún òun. Ohun tó sọ ìjókòó náà di aláìlérè, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ló ti ń wá, láti wọ́ọ̀dù àti ọ́fíìsì àwọn tó ń pín owó, nígbà tí ẹ̀bi rẹ̀ ń bọ́ sórí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí àìsàn bá ká èèyàn mọ́ lóòótọ́, kò ní dìde. Ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé, ara rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní 1991, Baker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa ilé ìwòsàn ìjọba tó ń jẹ́ Harbor-UCLA, ní Torrance, lẹ́bàá Los Angeles. Wọ́n tọpa àwọn tó dìde lọ, wọ́n sì fi bí àìsàn wọn ṣe le tó wé ti àwọn tó dúró títí dókítà fi rí wọn. Wọn ò rí ìyàtọ̀ kan tó tó nǹkan. Nínú àwọn tó lọ, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí dókítà rí lójú ẹsẹ̀. Ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí i, a sì rí lára wọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ pajáwìrì fún. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ ara wọn jáde. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń wú lè rìn dé ibùdókọ̀, ẹni tí àyà ń dùn lè wakọ̀ délé. Ẹsẹ̀ tó gbé èèyàn jáde kò mọ ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìwádìí wọ̀nyí á ní òmíràn wà tó tóbi ju ti Torrance yẹn lọ fíìfíì, tó sì sọ ohun mìíràn. Òótọ́ ló sọ. Ní 2011, Guttmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ wọn láti ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní BMJ. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ yàrá pajáwìrì láti 2003 sí 2007: nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlá aláìsàn tí dókítà rí tó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé, àti 617,011 tó dìde lọ láìrí dókítà. Wọn ò rí i pé àwọn tó dìde lọ kú, tàbí pé wọ́n dá wọn dúró sílé ìwòsàn láàárín ọjọ́ méje, ju àwọn tí dókítà rí lọ. N ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níta ilẹ̀kùn ní ibi méjèèjì. Ní Ontario, ìjọba ló ń san owó dókítà fún gbogbo ará ìlú, nítorí náà ẹni tó kúrò ní yàrá pajáwìrì lóru lè lọ bá dókítà mìíràn lọ́wọ́ àárọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ní Torrance, ilé ìwòsàn náà ni ibi ìsádi àwọn tí kò ní adójútòfò ìlera. Bí wọ́n bá ti jáde níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ibòmíràn. Ìdìdelọ kan náà ni, ohun tó ń dúró de aláìsàn níta ni kò dọ́gba.

Ìwádìí Ontario yẹn tún sọ ohun kejì, èyí tó yẹ kó ba àwọn alákòóso ilé ìwòsàn lẹ́rù. Àwọn tí dókítà rí, tó ní ara wọn le tó láti máa lọ sílé, ewu ikú wọn láàárín ọjọ́ méje ń ga sí i bí yàrá pajáwìrì bá ṣe ń fa àkókò gùn tó lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Láàárín ìgbà tí àwọn èèyàn ń lo àkókò tí kò tó wákàtí kan ní ìpíndọ́gba àti ìgbà tí wọ́n ń lo mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni pé ìdúró tó gùn kò yọ ẹni tó ní sùúrù sílẹ̀. Àpọ̀jù èrò tó ń lé àwọn kan jáde náà ló ń mú kí dókítà yẹ àwọn tó kù wò pẹ̀lú ìkánjú. Nígbà náà, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tó lọ léèrè ìdí tí kò fi dúró, ó yẹ ká béèrè ohun tí ìdúró fẹ́ ṣe fún un.

Brian Sinclair kò dìde lọ ní tirẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ Kánádà ni, ẹni ọdún 45, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń jókòó sí. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2008, wọ́n ní kó lọ sí ilé ìwòsàn Health Sciences Centre ní Winnipeg nítorí rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ tó dí. Ó bá òṣìṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò dé inú ìwé àwọn tí wọ́n máa pè. Ó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí 34. Ó bì sára. Àwọn aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe àwọn òṣìṣẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e wọlé, ó ti kú, kòkòrò àrùn tó wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ ló pa á, ohun tí oògùn ì bá kápá. Nígbà ìwádìí ikú rẹ̀, ó hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ kan rò pé ọtí ló ń pa á tàbí pé ó kàn wá sùn sí ibi tó móoru ni. Mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí nítorí àwọn tó máa ń sọ pé ẹni tó bá ní àìsàn gidi á dúró.

Kí ló wá ń fa ìdúró gùn? Ìdáhùn tí ìjọba fẹ́ràn jù ni pé àwọn èèyàn ń gbé ọ̀fìnkìn àti ìka ẹsẹ̀ tó bó wá sí yàrá pajáwìrì. Wọ́n ti fi owó rẹpẹtẹ ṣe ìkéde pé kí irú wọn lọ sí kẹ́mísì. Ní 2007, Schull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Ontario náà, dán ọ̀rọ̀ yìí wò pẹ̀lú ìṣirò. Bí aláìsàn mẹ́wàá tí tiwọn kò le bá wọlé láàárín wákàtí mẹ́jọ, ìṣẹ́jú 5.4 péré ni wọ́n ń fi kún àkókò tí àwọn tí àìsàn wọn le ń lò. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bó kò gba bẹ́ẹ̀dì. Dókítà á rí i, á fi nǹkan dì í, ó parí. Ẹni tó ń dí yàrá pajáwìrì ni ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò tán, tí wọ́n ti ní kó wọ wọ́ọ̀dù, tí wọ́ọ̀dù ò sì láyè. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì kan náà tó yẹ kó máa gba àwọn ará ìta wọlé ló ń fún un ní oògùn, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tó ń bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gọ́tà tó dí ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ló ń mú omi wọ ilé ẹni tó wà lókè. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tó ń fi garawa gbọ́n omi lè ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkà ọ̀rọ̀ yìí wà ní gbangba. Bagust àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò hàn ní 1999 pé bí bẹ́ẹ̀dì tó léèyàn nínú ilé ìwòsàn bá ti kọjá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ewu wà pé ẹni tó dé lójijì ò ní ráyè. Bó bá kọjá 90, àìsí bẹ́ẹ̀dì á máa ṣẹlẹ̀ léraléra. Ní Oṣù Kejìlá 2022, ó ju 50,000 aláìsàn lọ tó dúró ju wákàtí 12 lọ lẹ́yìn tí dókítà ti ní kí wọ́n gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù. Ní ìgbà òtútù yẹn kan náà, ó ju 12,000 èèyàn lọ lójoojúmọ́ tí ara wọn ti yá tó láti kúrò ní wọ́ọ̀dù, tí wọn ò lè kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó tí kò sí ẹni tó máa bá wọn wẹ̀, tó máa bá wọn wọṣọ, tó máa fún wọn lóògùn bí wọ́n bá délé. Ibí lọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ Yorùbá gan-an. Láti Oṣù Kejì 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí físà fún àwọn tó fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù tó gba ọ̀nà náà wọlé. Ní Oṣù Keje 2025, ìjọba ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó bá ń ti òkè òkun bọ̀. Obìnrin ará Ìbàdàn tó ń gun bọ́ọ̀sì láago mẹ́fà àárọ̀ ní Manchester lọ bá arúgbó kan wẹ̀ nílé, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo, bẹ́ẹ̀dì yẹn ló sì ń jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹnì kan ní yàrá pajáwìrì. Bí a bá ń ka àwọn tó lọ láìrí dókítà, ó yẹ ká ka ọwọ́ tí kò sí nílé arúgbó mọ́ ohun tó fà á.

Àmọ́ gígùn nìkan kọ́. Èèyàn méjì á jókòó fún wákàtí márùn-ún kan náà, ọ̀kan á dúró, ọ̀kan á lọ. David Maister, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ òwò Harvard, kọ ọ̀rọ̀ kan ní 1985 lórí bí ìdúró ṣe ń rí lára èèyàn, ohun tó sọ nípa ilé oúnjẹ àti pápákọ̀ òfuurufú sì bá yàrá pajáwìrì mu ju ibikíbi lọ: ìdúró tí a kò mọ ìgbà tó máa tán gùn ju èyí tí a mọ̀, èyí tí wọn ò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ gùn ju èyí tí wọ́n ṣàlàyé, èyí tó jọ ìrẹ́jẹ gùn ju èyí tí kò sí ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ẹni tó jókòó ń rí. Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ti fi í sí ìpele kan nínú márùn-ún, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò sọ ìpele náà fún un, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ láìṣàlàyé. Ó dé láago méje. Ẹni tó dé láago mẹ́sàn-án wọlé kí òun tó wọlé, ẹni tó dé láago mẹ́wàá náà wọlé. Kò rí ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn, ọkàn rẹ̀ ló ń lù ségesège. Lójú tirẹ̀, ìlà ti wọ́, wọ́n sì ti gbàgbé òun. Ó lọ béèrè, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Ìdáhùn yẹn kò ní wákàtí nínú, kò ní ìdí nínú. Ọmọ rẹ̀ sì wà nílé ìwé tí wọ́n máa tì, tàbí iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè é, bí kò bá sì lọ, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ní ẹni tó ń jókòó ti ọmọ nílé àti owó oṣù tí kì í yingin ló rọrùn fún láti pe èyí ní àìnísùúrù.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá gbé àkókò ìdúró sójú táyé, tí a kọ ọ́ sára ògiri pé wákàtí mẹ́fà ni, àwọn èèyàn á tètè lọ jù, ẹni tó yẹ kó dúró á sì wà lára wọn. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń sọ wákàtí kò tó, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà lẹ́yìn wákàtí náà: pé ‘Ẹ̀yin, mà, ìrora ikùn yín yìí ò ṣeé gbé lọ sílé, ẹ má kúrò, bí ó bá pọ̀ sí i, ẹ pè mí,’ tàbí pé ‘Ọgbẹ́ yín lè dúró di àárọ̀ ọ̀la lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò.’ Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ẹni tó lọ nítorí ó mọ̀ àti ẹni tó lọ nítorí wọ́n fi í sínú òkùnkùn. Nọ́ọ̀sì tó bá ní aláìsàn ogójì níwájú rẹ̀ kò lè máa sọ bẹ́ẹ̀ fún olúkúlùkù, mo gbà. Ìyẹn tún gbé wa padà sí iye òṣìṣẹ́ àti iye bẹ́ẹ̀dì.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Àwọn tó ń lọ níbẹ̀, owó ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn ju aago lọ. Ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí orílẹ̀-èdè náà ń ná lórí ìlera, láti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló ti ń jáde tààrà. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Wọ́n á gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá dé. Ẹbí á lọ gba káàdì, wọ́n á sanwó rẹ̀ lọ́dọ̀ káṣíà, wọ́n á mú risíìtì padà wá. Nọ́ọ̀sì á fún wọn ní ìwé pélébé: ìbọ̀wọ́, síríńjì, òwú, omi tí wọ́n máa fà sí i lára. Wọ́n á lọ rà á ní kẹ́mísì, ìwé pélébé kejì á tún jáde. Nígbà tó bá kan àwòrán eegun, owó ọwọ́ wọn á ti tán, ẹnì kan á sì ní bàbá kan wà lábúlé àwọn tó mọ eegun tò, tó máa ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ nìyẹn. Àwọn oníṣègùn eegun tí wọ́n kọ́ṣẹ́ òyìnbó ti kọ ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí bí irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ṣe ń padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti rà. Wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìgbàgbọ́ ló gbé wọn lọ. Ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n risíìtì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, ní abala 20, ní ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pajáwìrì láìnídìí, ó lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin 2017 ní kí wọ́n gba ẹni tí wọ́n yìnbọn lù, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá, yálà ó lówó tàbí kò ní. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ará ìlú wà nínú ètò náà. Ohun tí àwọn alákòóso ilé ìwòsàn máa ń sọ ni pé òfin kì í ra ìbọ̀wọ́. Bí wọ́n bá tọ́jú gbogbo ẹni tí kò lówó, láàárín oṣù mẹ́ta, kò ní sí oògùn fún ẹni tó lówó pàápàá. Àwíjàre yìí lágbára, ẹni tó bá sì ń bú wọn láìdáhùn rẹ̀ kò ṣe òdodo. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òfin 2014 yẹn kan náà: ó dá owó ìlera ìpìlẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ máa lọ sí ìtọ́jú pajáwìrì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti mọ̀ pé a kò lè fi ẹ̀wọ̀n nìkan ṣí ilẹ̀kùn. Ibi tí owó náà bá dé ni òfin ti lè di ìtọ́jú. Ibi tí kò dé, nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ló ń dúró gẹ́gẹ́ bí ìjọba níwájú ẹbí tó ń sunkún.

Ohun kan tún wà tí òǹkà kì í mú. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1986 ní kí ilé ìwòsàn tó ń gba owó Medicare, adójútòfò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, máa yẹ ẹnikẹ́ni tó bá wá sí yàrá pajáwìrì wò, bó lówó bí kò ní. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, nítorí náà bó bá lọ, ó hàn. Ní Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n sọ fún lẹ́nu géètì pé ‘kò sí bẹ́ẹ̀dì’, tí wọ́n sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà láìgba káàdì, kò sí nínú ìwé kankan. Ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ lè ní òǹkà tó mọ́ tónítóní lọ́dún yípo. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé orúkọ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà lẹ́nu géètì, kí owó tó wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nǹkan lè yí padà. Ní 2004, ìjọba ní kí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún parí ní yàrá pajáwìrì láàárín wákàtí mẹ́rin; ní 2010 wọ́n dín in sí 95; Oṣù Keje 2015 ni wọ́n ti bá a mọ kẹ́yìn. Àwọn tó ń takò ó sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré tari aláìsàn jáde bí wákàtí mẹ́rin bá ti kù díẹ̀, àkọsílẹ̀ sì fi hàn lóòótọ́ pé ọ̀pọ̀ ń jáde ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Síbẹ̀, nígbà tí ìlànà yẹn ń ṣiṣẹ́, ẹni tó jókòó mọ ibi tí ìdúró òun máa dé, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn sì mọ̀ pé wọ́n máa bi òun, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó di dandan fún àwọn dókítà wọ́ọ̀dù láti máa ronú nípa ẹni tí wọn ò tíì rí. Ní 2022, Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òǹkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn pé ikú kan ń pọ̀ sí i lórí aláìsàn 82 tí gbígbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù pẹ́ tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n dé. Ẹni tó bá ń kọminú sí bí wọ́n ṣe ń sáré ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, kó fi iye yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí ilé ìwòsàn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la: kí dókítà àgbà kan máa jókòó ti nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n máa tẹ àwọn tó lọ láago lọ́jọ́ kejì láti béèrè bí ara ṣe ń ṣe wọ́n. Wọ́n dára, kí wọ́n ṣe é. Wọn ò lè dá bẹ́ẹ̀dì. Ní Nàìjíríà, a sì mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì kan há sí. Ó wà lábẹ́ ìyá tó bímọ, tí dókítà ti ní kó máa lọ sílé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ilé ìwòsàn dá dúró pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ á fi rí ìyókù owó san. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń ṣọ́ ọ, gbèsè rẹ̀ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, nígbà tí nọ́ọ̀sì tó wà nísàlẹ̀ ń sọ fún àwọn tó gbé aláboyún mìíràn dé pé kí wọ́n máa gbé e lọ síbòmíràn, kò sí bẹ́ẹ̀dì.